Ẹ̀wà fún Ẹwà: Èrò lórí Òdòdó tí a Gbìn láti Gé

Àmì ohùn kan ṣoṣo, lórí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo, ni ó ya ẹ̀wà tí a ń sè jẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹwà tí a ń wò. Ẹni tí kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè fi ọ̀kan pe èkejì, kí ẹni tí ebi ń pa sì máa retí oúnjẹ níbi tí kò sí. N kò gbàgbọ́ pé ìjọra yìí ní ìtumọ̀ kankan nínú ìtàn èdè wa. Ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn púpọ̀, tí ó jókòó gan-an sí àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ̀wà ni ní ti ìdílé àti ìrísí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nítorí ẹwà nìkan ni wọ́n ṣe ń gbìn ín. Sweet pea ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí gbogbo wa di olùtọ́jú òdòdó ni mo ṣe ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kọ́ mi ní ohun kan nípa iṣẹ́ ìdájọ́, èyí tí í ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́: ohun tí adájọ́ kò bá kà sí ni ó kọ́kọ́ máa ń kú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń wí. Ìtàkùn ni sweet pea. Ó lè ga tó mítà 2 bí ó bá rí ohun tí yóò gùn. Ní ìparí ewé rẹ̀ ni ọwọ́ tín-ín-rín wà tí ó fi ń di ọ̀pá mú. Òdòdó rẹ̀ ní ìyẹ́ méjì àti ewé òdòdó fífẹ̀ kan tí ó nà sókè bí àsíá, gẹ́gẹ́ bí òdòdó erèé inú oko wa gan-an ti rí. Èso rẹ̀ náà jọ èso erèé: èèpo gígùn onírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kóró roboto tò sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọra parí sí. Májèlé ni kóró náà. Ó ní èròjà kan nínú tí ó lè ba egungun ẹni tàbí ẹran tí ó bá ń jẹ ẹ́ jẹ́. Nítorí náà, dídùn tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò kan ẹnu rárá. Imú ni ó kàn. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹni pé a po oyin mọ́ òdòdó ọsàn. Nítorí òórùn yìí ni ayé ṣe kọ́kọ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kí ẹ̀yin òǹkàwé mi fi kókó yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Láti inú kóró ni a ti ń gbìn ín, ọdún kan ṣoṣo sì ni ó ń lò láyé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí tirẹ̀ tètè tanná yóò gbìn ín ní oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Àwọn mìíràn a dúró di oṣù Èrèlè tàbí Ẹrẹ́nà. Inú ìkòkò tí ó jinlẹ̀ ni a ń gbìn ín sí, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ gùn, kò sì fẹ́ ibi tí ó há. A ó ri kóró náà bọlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5. Èèpo rẹ̀ le. Àwọn kan a máa fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn kan a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, àwọn mìíràn a sì ní kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Bí ilẹ̀ kò bá tutù jù, yóò hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ti ní ewé ìpele méjì tàbí mẹ́ta, a ó já orí rẹ̀ kí ó lè yọ ẹ̀ka láti ìdí. Ohun tí ó ya àjèjì lẹ́nu ni pé òtútù díẹ̀ kì í pa á. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Erékùṣù Sicily ní gúúsù Ítálì ni ó ti wá. Níbẹ̀, ìgbà òtútù kékeré ni ó máa ń dàgbà, tí yóò ti so tí yóò sì ti kú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó gbóná janjan. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland fi bá a lára mu, tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tiwa kò sì lè gbà á.

Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá ń parí lọ, tàbí tí Igbe bá wọlé, a ó gbé e lọ sínú ilẹ̀ tí a ti da ajílẹ̀ sí. A ó fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sáàárín ọ̀kan àti èkejì, a ó sì ri ọ̀pá fún un, bí a ti ń ri ọ̀pá fún iṣu. Ẹni tí ó ń gbìn ín fún inú ilé lè fi í sílẹ̀ kí ó gùn bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó ń gbìn ín fún ìdíje kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ kí ó dàgbà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Yóò gé gbogbo ẹ̀ka, yóò gé ọwọ́ tí ó fi ń di nǹkan mú pẹ̀lú, yóò sì fi òrùka so ó mọ́ ọ̀pá díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ga, kí gbogbo agbára rẹ̀ lè wọ inú òdòdó. Bí ó bá dé orí ọ̀pá, yóò tú u sílẹ̀, yóò tẹ́ igi náà sórí ilẹ̀, yóò sì fa orí rẹ̀ lọ sídìí ọ̀pá mìíràn kí ó tún máa gùn. Suuru tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí kò kéré sí ti ahunṣọ.

Ní oṣù Okúdù ni gígé máa ń gbóná. Òwúrọ̀ ni a ń gé e, nígbà tí ìtànná ìsàlẹ̀ ti là tí ti òkè sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àwọ̀ hàn. A ó kì í bọ omi lójú ẹsẹ̀. Kò ní ju bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ nínú ilé kí ó tó rọ, pàápàá bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èso tí ó pọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ tí èso bẹ́ẹ̀ ń tú jáde máa ń mú kí ó tètè kú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí òmíràn yóò ti là ní ọjọ́ kejì. Bí a bá ṣe ń gé e tó ni yóò ṣe máa tanná tó. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìgé, èso yóò yọ, ìtàkùn náà yóò sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sí èyí tí ó parí, nítorí pé kò tanná fún wa. Tìtorí irúgbìn ni ó ṣe tanná. Gígé wa ni kò jẹ́ kí ó dé ibi tí ó ń lọ, tí ó fi ń tún ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ gbogbo. Ẹ̀tàn ni iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn tí ó lẹ́wà.

Ní àwọn ọdún tí mo fi gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ní ebè tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn ilé tí mo ń gbìn ín sí. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti Òkè-Ògùn wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó dúró tì mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wò mí bí mo ti ń gé e. Ó bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé ewé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ni?” Mo ní, “Rárá, Mà. Wọn kì í jẹ ẹ́. Inú ilé ni a ó gbé e sí.” Ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ pẹ́. Kò sọ pé òfò ni. Ohun tí ó bi mí tẹ̀lé e ni pé, “Èwo wá ni o fi sílẹ̀ fún irúgbìn?” Mo fi ìdí méjì hàn án ní ìparí ebè, tí n kò gé ohunkóhun lára wọn. Ó wò wọ́n, ó ní, “Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn yẹn?” Mo sọ fún un pé òórùn tiwọn ni ó ta sánsán jù. Ó mi orí, ó sì wọlé lọ.

Mo ka ìbéèrè ìyá yìí kún ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè lámèyítọ́ tí ó jinlẹ̀ jù tí mo ti gbọ́. Àgbẹ̀ ni, ó mọ èbù iṣu, ó sì mọ̀ pé ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ láìjẹ ni ó ń sọ ohun tí yóò rí jẹ lámọ̀ọ́dún. Ìbéèrè rẹ̀ kejì ni ó wá gbé ọ̀rọ̀ kúrò lórí ọ̀ràn àgbẹ̀ nìkan. Ìdí wo ni a fi yan èyí tí a yàn? Òdòdó inú ìgò omi kò lè dá wa lóhùn, nítorí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí méjì tí a kò gé ni ìdájọ́ wà.

Jack Goody, onímọ̀ nípa àṣà àti àwùjọ ní Yunifásítì Cambridge, tí ó ti ṣe ìwádìí púpọ̀ ní àríwá Ghana, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1993 tí ó pè ní The Culture of Flowers. Lára ohun tí ó mú un kọ ìwé náà ni ìbéèrè nípa ìdí tí òdòdó gígé kò fi ní ipò kan gbòógì nínú ààtò àti ọ̀ṣọ́ àwa aláwọ̀ dúdú Áfíríkà, bí ó ti ní in ní Éṣíà àti Yúróòpù. Inú ètò ọrọ̀-ajé ni ó ti wá ìdáhùn: níbi tí ọkọ́ bá ti jẹ́ irinṣẹ́ oko, tí àwọn tí ń náwó sí afẹ́ kò sì pọ̀, a kì í sábà ya ilẹ̀ àti ọwọ́ sọ́tọ̀ fún òdòdó. N kò ní bá a jiyàn lórí ohun tí ó rí. Òtítọ́ ni pé nínú aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ewé ni ọ̀ṣọ́ tiwa wà jù. Ewé akòko ni a fi ń joyè, màrìwò ni a sì fi ń ṣe ojú ibi ọ̀wọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má ṣe sọ pé ẹni tí kò gé òdòdó kò rí i. Ẹni tí ó fi òdòdó erèé sílẹ̀ lórí ìtàkùn ti ṣe ìdájọ́ kan. Ó ti gbè sẹ́yìn irúgbìn. Ìdájọ́ yìí kan náà ni gbogbo ọgbà òdòdó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró lé lórí, bí àwọn tí ń ra òdòdó ní ìdì tilẹ̀ ti gbàgbé. Bí ẹnì kan kò bá fi ti ọdún yìí sílẹ̀ kí ó so, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò gé ní ọdún tí ń bọ̀.

Ìtàn sweet pea fúnra rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju ìtàn àwọn tí ó fi í sílẹ̀ kí ó so. Francesco Cupani, mọ́ńkì ìjọ Àgùdà ní Sicily, ni a gbà pé ó fi kóró rẹ̀ ránṣẹ́ sí Robert Uvedale, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Enfield lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1699. Òdòdó kékeré ni nígbà náà, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú lókè, ó sì jọ àwọ̀ àlùkò ní ìyẹ́. Méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó ń jókòó sórí igi kan. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ lè kún yàrá. Fún nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún, ìyípadà tí ó bá a kò pọ̀, yàtọ̀ sí àwọ̀ díẹ̀ tí ó yọ láàárín rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé òdòdó yìí máa ń fún ara rẹ̀ lóyún kí ó tó là. Bí kòkòrò bá fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nítorí náà, ọmọ a máa jọ ìyá, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì tọ́jú kóró lè ní ìdánilójú pé ohun tí òun gbìn ni òun yóò rí.

Henry Eckford, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí a bí ní 1823, ni ó já ọ̀nà náà. Ó ń ṣí ìrudi òdòdó kí ó tó là, ó ń yọ akọ inú rẹ̀ kúrò, ó sì ń fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó mìíràn sí i. Láti 1888 títí ó fi kú ní 1905, ìlú kékeré Wem ní Shropshire ni ó ti ṣe iṣẹ́ yìí. Òdòdó rẹ̀ tóbi ju ti àtijọ́ lọ, àwọ̀ rẹ̀ di oríṣiríṣi, òórùn rẹ̀ kò sì dín. Bí mo bá ní kí n yan ẹnì kan nínú ìtàn yìí tí ó mọ ohun tí ìlọsíwájú túmọ̀ sí, Eckford ni n ó yàn: ó fi kún un láìyọ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbì dé. Silas Cole, olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà Earl Spencer ní Althorp, rí òdòdó kan láàárín tirẹ̀ tí etí rẹ̀ ká wérewère bí etí aṣọ tí a ṣẹ́ po, tí ó sì tóbi ju gbogbo ìyókù lọ. Ó sọ ọ́ ní Countess Spencer, ó sì gbé e wá sí ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1901. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Láàárín àkókò kan náà, irú rẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ yọ ní ọgbà William Unwin ní Histon lẹ́bàá Cambridge. Láti ìgbà náà, òdòdó onígbì ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ní 1911, ìwé ìròyìn Daily Mail kéde pé òun yóò fún ẹni tí ìdì sweet pea rẹ̀ bá dára jù ní pọ́n-ùn 1,000, owó ńlá ní ayé ìgbà náà. Ìdì tí ó lé ní 35,000 ni ó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé Lọ́ńdọ̀nù nínú ooru ọdún náà. Denholm Fraser, àlùfáà ìjọ abúlé kan ní Sprouston ní Scotland, ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Ìyàwó rẹ̀ sì gba ipò kẹta.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò àwọn tí yóò ṣe ìdájọ́ irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Kí ni wọn yóò wò? Wọn yóò wo gígùn àti títọ́ igi òdòdó, nítorí a lè wọ̀n ọ́n. Wọn yóò ka iye ìtànná tí ó wà lórí rẹ̀. Wọn yóò wo bí wọ́n ṣe tò, bí àwọ̀ wọn ṣe mọ́, bóyá kòkòrò ti jẹ etí wọn, bóyá gbogbo ìdì náà bára dọ́gba. Gbogbo èyí ni ojú lè rí, tí adájọ́ mẹ́ta lè fẹnu kò lé lórí, tí ẹni tí ó pàdánù náà sì lè gbà. Òórùn ńkọ́? Imú kì í pẹ́ sú. Lẹ́yìn ìdì kẹwàá, kò mọ ọ̀tọ̀ mọ́. Òórùn kan náà tí ó ta sánsán sí ẹnì kan lè má dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Òdòdó tí ó ti rin ìrìn-àjò nínú àpótí ti fi òórùn rẹ̀ sí ọ̀nà. Nítorí náà, nínú ìdíje tí ó lókìkí, òórùn kì í sábà gba máàkì. Kò sí ẹni tí ó kórìíra rẹ̀. Ohun tí kò ṣeé kọ sínú ìwé ìdájọ́ ni, wọ́n sì fi í sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀ kò nílò òǹrorò kankan. Ẹni tí ó ń gbìn fún ìdíje yan èyí tí yóò gbẹ̀bùn fún irúgbìn. Ẹni tí ń ta irúgbìn tẹ̀lé e, nítorí orúkọ òdòdó tí ó gbẹ̀bùn ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Lọ́dọọdún ni a ń fi ìdí tí ó ga sílẹ̀ kí ó so, tí a ń fa èyí tí ó kúrú tu, láìsí ẹni tí ó gbé imú sún mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, òdòdó tí a fẹ́ràn nítorí òórùn ti ní ọmọ púpọ̀ tí òórùn wọn kò ju ti koríko lọ. Kì í ṣe ìgbì etí òdòdó ni ó lé òórùn lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ Spencer ṣì ń ta sánsán títí di òní. Àìbéèrè ni ó lé e lọ.

N kò fẹ́ kí a ṣi èyí gbọ́ bí ẹ̀gàn fún òdòdó ńlá. Ẹni tí ó bá ti rí Spencer tí ọwọ́ amòye tọ́, tí ìtànná mẹ́rin kọjú sí ibì kan náà lórí igi tí ó tọ́ bí ọfà, yóò mọ̀ pé ọnà gidi ni. Ìdíje ni ó sì mú kí ọnà náà dé ibi tí ó dé. Ohun tí mo ń wí ni pé òdiwọ̀n kì í dúró lẹ́yìn iṣẹ́ kí ó máa wò ó. A máa wọ inú oko lọ, a sì di àgbẹ̀. Ohun tí a bá fi ṣe ìdájọ́ lónìí ni yóò hù lọ́la.

Ibi tí mo ti rí ìtùnú ni ìwádìí tí William Bateson, Edith Saunders àti Reginald Punnett ṣe ní Cambridge ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Wọ́n mú sweet pea funfun méjì láti ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fi ọ̀kan gba èkejì. Gbogbo ènìyàn ìbá rò pé funfun ni ọmọ yóò jẹ́. Àwọ̀ àlùkò ni ó jáde, bí ti òdòdó àtijọ́ láti Sicily. Nínú ìran tí ó tẹ̀lé e, bí aláwọ̀ bá jẹ́ 9, funfun a jẹ́ 7. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun méjì ni ó ń pa pọ̀ di àwọ̀. Ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ ìran kìn-ín-ní, èkejì ti bọ́ lọ́wọ́ ìran kejì, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan sọnù ni èkejì pa mọ́. Ohun tí ojú kò rí mọ́ lè ṣì wà nínú kóró. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn: ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti tọ́jú ìran méjèèjì.

Ta ni ń tọ́jú irú ìran bẹ́ẹ̀? Ní àríwá ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ìyàwó òṣìṣẹ́ ibi ìfọ́kúta kan gbin Painted Lady, irú sweet pea àtijọ́ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ àti funfun, fún bí ọdún 25. Lọ́dọọdún ni ó ń pa kóró rẹ̀ mọ́, tí ó ń tún un gbìn sí ilẹ̀ pẹlẹbẹ lórí àpáta. Díẹ̀díẹ̀, ìtàkùn náà kúrú, ó sì ń tètè tanná. Ilé-iṣẹ́ oníirúgbìn D. M. Ferry gbà á, ó sì gbé e jáde ní 1889 ní Blanche Ferry. Orúkọ ilé oníṣòwò ni òdòdó náà ń jẹ́. Orúkọ obìnrin náà kò bá a lọ sọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Countess Spencer ń jẹ́ orúkọ ilé ọ̀gá Silas Cole. Àwa tí a máa ń ki ènìyàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bí i, tí a sì máa ń ki ẹni tí ó tọ́ ọ pẹ̀lú, mọ̀ pé oríkì tí ó fo alágbàtọ́ kò pé.

Èyí ni ó mú mi ronú sí iṣẹ́ tiwa. Mo ti jókòó rí láàárín àwọn adájọ́ ìdíje ewì. Wọ́n fún wa ní ìwé tí a ó fi máàkì sí: pípe ọ̀rọ̀ dáadáa, ìmúra, ìrántí, ìlò àkókò. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ṣeé kà. Kò sí àyè fún ohun tí ó máa ń mú kí irun ara ènìyàn dìde nígbà tí akéwì bá fa ohùn, kò sì sí ẹni tí a lè bá wí, nítorí ta ni yóò fi máàkì sí i? Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà ní ìjókòó ń wò wá. Ohun tí a bá fún ní máàkì ni wọn yóò lọ fi kọ́ ara wọn. Bí a kò bá ní òdiwọ̀n fún òórùn, ó kéré tán, ó yẹ kí a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé a gbọ́ ọ, pé ọ̀dọ̀ ẹni báyìí ni a ti gbọ́ ọ. Lámèyítọ́ tí kò lè wọn nǹkan kan kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ti sweet pea, òórùn rẹ̀ kò tíì run. Àwọn òdòdó Eckford kan àti àwọn tí ó jọ ti Cupani ṣì wà fún ẹni tí ó bá béèrè, àwọn ìpàtẹ kékeré kan sì ti ń fi imú ṣe ìdájọ́. Ẹni tí ó bá ń gbìn ín, kí ó gé e ní òwúrọ̀ gbogbo láìṣojo, ṣùgbọ́n kí ó ti yan ìdí méjì sọ́tọ̀ kí oṣù Agẹmọ tó parí. Kí ó dúró tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kí ó gbọ́ òórùn wọn kí ó tó yan, kí ó sì so òwú pupa mọ́ wọn kí ọ̀bẹ má baà ṣèèṣì kàn wọ́n. Bí èèpo bá gbẹ, kí ó tètè ká a, nítorí bí ó bá gbẹ jù yóò lọ́ pọ̀, yóò sì ta kóró rẹ̀ dànù sínú koríko. Kí ó kó o sínú bébà níbi tí ó gbẹ tí ó sì tutù. Kí ó kọ orúkọ òdòdó náà sí i lára, kí ó kọ ọdún, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi yan án.